Ọkọ̀ Ìtọ́jú Wọ Abúlé: Àrùn Wo Ni Apá Ìbẹ̀wò Ọjọ́ Kan Ká?

Kí oòrùn tó mú ni àwọn ènìyàn ti tò lọ gbọọrọ lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé ìwé abúlé. Bọ́ọ̀sì funfun kan tó yà kúrò lójú títì Akànrán ti ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀. Tábìlì mẹ́ta ló wà nílẹ̀: níbi kan wọ́n ń kọ orúkọ, níbi kejì wọ́n ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, níbi kẹta wọ́n ń pín oògùn. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn nígbàkígbà tí ìjọ kan, ẹgbẹ́ àdínì kan, ẹgbẹ́ Rotary tàbí àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun bá dá owó jọ pé kí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ wọ oko, ìbáà jẹ́ ní Ọ̀nà-Àrà, Ẹ̀gbẹ́dá, Lágelú tàbí Akínyẹlé.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ènìyàn méjì nínú àwọn tó tò síbẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ àgbẹ̀ tí ara ń yún tọ̀sán-tòru, tí awọ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti le, tó sì ti hunjọ. Èkejì jẹ́ ìyá àgbà kan tí ibì kankan kò dùn, ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ sọ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Tábìlì kan náà ni wọ́n ti gba oògùn, ní wákàtí kan náà. Kí oṣù kan tó pé, oògùn ìyá ti tán, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ti àgbẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ, yóò sì máa ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù sí i. Nọ́ọ̀sì kan náà, ọkọ̀ kan náà, owó olóore kan náà. Kí ló wá mú kí èrè wọn yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn wà nínú àrùn fúnra rẹ̀. Àrùn kọ̀ọ̀kan ló ní kàlẹ́ńdà tirẹ̀, ọkọ̀ ìtọ́jú náà sì ní tirẹ̀. Níbi tí méjèèjì bá ti bára mu, owó tí kò tó nǹkan lè ṣe odindi abúlé láǹfààní. Níbi tí wọn kò bá ti bára mu, owó ńlá lè wọlẹ̀ láìsèso. Níhìn-ín, a óò pe irú àrùn àkọ́kọ́ ní àrùn ìpàdé kan, nítorí pé ìpàdé kan pẹ̀lú nọ́ọ̀sì tó láti mú un so rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. A óò pe èkejì ní àrùn ìbágbé, nítorí pé ènìyàn ní láti máa bá a gbé, kó sì máa tọ́jú rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló dé tí ará oko kò kúkú wá sí ìlú. Ọdún 1957 ni UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì, ti ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní Ìbàdàn, bí a bá sì wo máàpù, kò sí èyí tó jìnnà púpọ̀ sí i nínú ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí. Lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹni tó ń bọ̀ láti abúlé kan lẹ́yìn Lálúpọn yóò kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rìn dé ibi tí ọ̀kadà wà, yóò gun ọ̀kadà dé títì, yóò wọ takisí Máíkírà dé Ìwó Róòdù, kó tó tún wọ òmíràn. Tó bá débẹ̀, yóò gba káàdì, yóò sì tò. Ọjọ́ iṣẹ́ kan ti lọ nìyẹn. Bó bá bọ́ sí ìgbà tí àgbàdo ń fẹ́ ríro, ohun tó pàdánù ju owó ọkọ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí àìsàn tí kò bá tíì dá ènìyàn wó fi máa ń pẹ́ lóko kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àgbẹ̀ tí ara ń yún. Àrùn tí wọ́n fún un lóògùn fún ni àrùn ìfọ́jú etí odò, èyí tí àwọn mìíràn mọ ìyún rẹ̀ sí inárun. Eṣinṣin dúdú kékeré kan tó ń yé sínú omi tó ń yára ṣàn ló ń gbé e kiri. Bí eṣinṣin yìí bá jẹ ènìyàn, ó lè fi ọmọ aràn sínú awọ ara rẹ̀. Aràn náà á dàgbà, á ká jọ sínú kókó kan lábẹ́ awọ, ibẹ̀ ni abo rẹ̀ á ti máa bímọ lọ́pọ̀ yanturu. Àgbà aràn lè lo ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ènìyàn láìpariwo. Àwọn ọmọ rẹ̀ tí ojú kò lè rí ló ń fa wàhálà. Wọ́n á máa rìn kiri lábẹ́ awọ, wọ́n á máa kú síbẹ̀, ara á máa bá òkú wọn jà, ìjà yẹn ni ìyún. Èyí tó bá rìn dé ojú á ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ náà. Àpá á máa gorí àpá lára ẹyinjú títí ojú á fi fọ́.

Oògùn tí wọ́n ń lò fún un ni ivermectin, tí ọ̀pọ̀ ará abúlé mọ̀ sí Mectizan. Ọmọ ilẹ̀ Japan kan, Satoshi Ōmura, ló rí kòkòrò àìfojúrí tó ń mú un jáde nínú ilẹ̀ orílẹ̀-èdè rẹ̀. William Campbell, tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ Merck ní Amẹ́ríkà, ló sì rí i pé ó ń pa aràn. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2015. Ẹran ọ̀sìn ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi oògùn náà tọ́jú. Nígbà tó wá hàn pé ó ká àrùn ìfọ́jú etí odò, ìṣòro kan yọjú: àwọn tó nílò rẹ̀ jù kò lówó tí wọ́n lè fi rà á. Ní 1987, iléeṣẹ́ náà kéde pé òun yóò máa fi í tọrẹ, iye yòówù kí wọ́n nílò, ìgbà yòówù kó gbà. Wọn kò tíì yẹ ìlérí náà di òní, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì wà lára àwọn ibi tó ti jàǹfààní rẹ̀.

Ọ̀nà tí oògùn yìí ń gbà ṣiṣẹ́ ló ṣàlàyé ìdí tí ọkọ̀ ìtọ́jú fi lè gbé e lọ. Ẹran ara aràn àti iṣan ìmọ̀lára rẹ̀ ní àwọn ilẹ̀kùn tín-ín-tín kan tí èròjà inú iyọ̀ máa ń gbà wọlé. Ivermectin á di ilẹ̀kùn náà mú ní ṣíṣí. Ọmọ aràn á rọ, kò ní lè mira mọ́, àwọn ọmọ ogun ara á sì palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Irú ilẹ̀kùn yìí kò sí lára ènìyàn. Àwọn tó fara jọ ọ́ wà nínú ọpọlọ, odi tó sì yí ọpọlọ ká kì í jẹ́ kí oògùn náà kọjá síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àgbà aràn wá ni pàtàkì jù fún ìbéèrè wa. Oògùn náà kì í pa á, ṣùgbọ́n ó ń dí ilé ọmọ rẹ̀, ó sì máa ń tó ọ̀pọ̀ oṣù kó tó tún lè bí ọmọ jáde bí ti tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ mélòó kan, ivermectin á ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ àgbẹ̀ wa, ohun tó ṣe fún aràn yẹn kò sì ní tètè tán. Ìpàdé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ti tó.

Kódà, wíwọn oògùn náà bá oko mu. Òṣùwọ̀n wíwúwo kò pọn dandan. Ọ̀pá gígùn kan tí wọ́n fàlà sí lára ni wọ́n ń lò. Ẹni tí gíga rẹ̀ kò bá tó 90 sẹ̀ǹtímítà kò ní gbà á. Láti 90 dé 119, hóró kan. Láti 120 dé 140, hóró méjì. Láti 141 dé 158, mẹ́ta. Ẹni tó bá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, mẹ́rin. Wọn kì í fún aboyún, wọn kì í fún ìyá tí kò tíì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tó bímọ, wọn kì í sì í fún ẹni tí àìsàn líle dá dùbúlẹ̀. Ẹni tó lè ka nọ́ńbà lè lo ọ̀pá yìí. Nítorí náà, láti 1995, nígbà tí ètò ìgbógunti àrùn yìí ní Áfíríkà bẹ̀rẹ̀, wọ́n jẹ́ kí abúlé fúnra rẹ̀ yan ẹni tí yóò máa pín oògùn. Ọkọ̀ á gbé oògùn dé, ọmọ abúlé á gbé e dé ẹnu ilé.

Ẹ má ṣe gbàgbé ọjọ́ orí àgbà aràn o. Bí ẹgbẹ́ kan bá pín oògùn náà fún ọdún méjì, tó sì lọ, abo aràn tó wà nínú kókó ṣì wà láàyè, yóò sì tún máa bímọ. Àfi kí wọ́n máa pín in lọ́dọọdún títí àgbà aràn yóò fi gbó tí yóò sì kú. Àrùn ìpàdé kan pàápàá ń fẹ́ ìlérí tó gùn ju ọdún kan lọ.

Àtọ̀sí ajá, tó ń mú kí ọmọ máa tọ ẹ̀jẹ̀, náà wà ní ìsọ̀rí yìí. Láti 2007 ni iléeṣẹ́ Merck ti Jámánì, tí kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ti Amẹ́ríkà, ti ń fún Àjọ Ìlera Àgbáyé ní praziquantel lọ́fẹ̀ẹ́. Oògùn náà ń pa àgbà aràn tó wà nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ní ìlò ẹ̀ẹ̀kan. Kò lè dí ọmọ lọ́wọ́ kó má padà sínú odò tó ti kó o. Ibi tí kò bá ti sí kànga, odò yẹn náà ni yóò padà sí.

Láàárín àrùn ìpàdé kan àti àrùn ìbágbé ni abẹ́rẹ́ àjẹsára wà. Ní Nàìjíríà, ọmọ ń gba ti ìbí, lẹ́yìn náà ó ń padà wá ní ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14, kó tó kan ti oṣù 9 àti oṣù 15. Ìdí tí abẹ́rẹ́ kan kò fi tó ni pé ìgbà àkọ́kọ́ tí ara bá rí àwòrán àrùn, díẹ̀ nínú àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ló ń dá a mọ̀, wọ́n sì ń tètè dín kù. Nígbà kejì àti ìkẹta, àwọn tó rántí á pọ̀ sí i, ìrántí wọn á sì pẹ́. Bí ìgbà kejì bá ti yá jù, ara kò tíì parí iṣẹ́ ti àkọ́kọ́. Ìyẹn ló fà á tí wọ́n fi fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí àárín wọn.

Nǹkan kan wà nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn tó yẹ kí gbogbo ẹgbẹ́ tó ń lọ sí oko Ìbàdàn mọ̀. Ọ̀pọ̀ ọjà oko wa, ọrọọrún ni wọ́n ń ná an. Àwọn àgbà ń ka ọjọ́ ọjà méjèèjì mọ́ ọn ni ó fi di ọrún; ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ló ń yí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin jẹ́ ọjọ́ 28, ọjọ́ 28 sì jẹ́ ọjà méje géérégé. Ìyá tó bá gba abẹ́rẹ́ ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà yóò bá abẹ́rẹ́ tó kàn pàdé lọ́jọ́ ọjà náà, yóò sì tún jẹ́ ọjọ́ kan náà nínú ọ̀sẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Kò nílò kàlẹ́ńdà kankan. Ẹ kàn sọ fún un pé ó di ọjà keje. Ọjà ìsán kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́jọ-mẹ́jọ ni tirẹ̀ ń yí, ọjọ́ 28 yóò sì bọ́ sí àárín ọjà méjì. Ẹgbẹ́ tí kò bá béèrè irú ọjà tó wà níbi tó ń lọ lè dé lọ́jọ́ tí gbogbo ìyá ti lọ sóko, kó sì máa rò pé wọn kò fẹ́ abẹ́rẹ́ ni.

Òtútù ni ìnira kejì. Àjẹsára púpọ̀ kò gbọ́dọ̀ gbóná ju dígírì 8 lọ, kò sì gbọ́dọ̀ tutù ju dígírì 2 lọ. Láti iléeṣẹ́ tó ṣe é dé apá ọmọ, kò gbọ́dọ̀ já síbì kankan. Ẹ jẹ́ ká pe ìyẹn ní okùn òtútù. Àjọ Gavi, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2000 láti bá àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó ra àjẹsára, ń náwó sórí okùn yìí gan-an, títí kan fíríìjì tó ń lo oòrùn. Àwọn tuntun nínú wọn kò ní bátìrì rárá. Bí oòrùn bá ràn, wọ́n á sọ omi inú wọn di yìnyín, yìnyín yẹn á sì mú wọn tutù títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá kúrò nínú fíríìjì, tó wọ inú kúlà tí nọ́ọ̀sì ń gbé kọ́ èjìká lórí ọ̀kadà, ni iṣẹ́ ọwọ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ooru nìkan ni ọ̀tá. Yìnyín náà ń ba abẹ́rẹ́ jẹ́. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń dènà àrùn mẹ́dọ̀wú àti tẹ́tánọ́ọ̀sì ọmọ tuntun ní èròjà kan tó ń ràn án lọ́wọ́. Bó bá dì, èròjà náà á ṣù jọ, agbára abẹ́rẹ́ á sì lọ. Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ kì í mú yìnyín inú ike láti inú fíríìsà kó kì í bọ kúlà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Á kọ́kọ́ tò ó sórí tábìlì, á máa gbọ̀n ọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan létí rẹ̀. Nígbà tó bá gbọ́ ìró omi díẹ̀ nínú rẹ̀ ló tó kó o sínú kúlà. Ara ìgò abẹ́rẹ́ náà ní àmì kan: igun mẹ́rin tó funfun díẹ̀ nínú òbírí aláwọ̀ dúdú díẹ̀. Bí ooru bá ṣe ń kan ìgò náà tó, bẹ́ẹ̀ ni igun mẹ́rin á máa ṣú. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá ti bá ti òbírí dọ́gba, tàbí tó ṣú jù ú lọ, wọ́n á dà á nù. Àmì yìí kì í padà sẹ́yìn, kódà bí wọ́n bá tún dá abẹ́rẹ́ náà padà sínú òtútù. Ara àjẹsára ẹlẹ́kán fún àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó, ní 1996. Àrùn yẹn ni ẹgbẹ́ Rotary ti ń náwó lé lórí láti 1985. Ní oṣù kẹjọ 2020 ni wọ́n jẹ́rìí sí i pé irú rẹ̀ ti àdánidá ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà.

Ó wá kan ìyá àgbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru.

Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ fún rọ́bà tí omi ń gbà kọjá mọ̀ pé bí omi bá ṣe ń tì tó, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ gbọ́dọ̀ le tó kí omi tó dúró. Ohun tí aṣọ tí nọ́ọ̀sì ń wé mọ́ apá ń ṣe nìyẹn. Afẹ́fẹ́ á kún inú rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ apá á fi dúró, nọ́ọ̀sì á wá máa tú afẹ́fẹ́ náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á sì máa fetí sí iṣan. Ní 1905 ni Nikolai Korotkoff, dókítà ará Rọ́ṣíà, ṣàlàyé ohun tí etí ń gbọ́ níbẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá kọ́kọ́ já gbà kọjá, ìró á dún kò-kò-kò. Iye tó wà lójú ẹ̀rọ nígbà náà ni nọ́ńbà òkè. Ìgbà tí aṣọ kò bá dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà mọ́ rárá, ìró á pa rẹ́. Ìyẹn ni nọ́ńbà ìsàlẹ̀. Bí òkè bá tó 140 tàbí ìsàlẹ̀ bá tó 90, tó sì ń rí bẹ́ẹ̀ léraléra, dókítà á pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ẹ kíyè sí “léraléra” yẹn. Ẹni tó rìn láti oko, tí ìtọ̀ ń gbọ̀n, tí ẹ̀rù nọ́ọ̀sì ń bà, tàbí tó ń sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, nọ́ńbà rẹ̀ lè lọ sókè láìjẹ́ pé ó ní àìsàn. Kí wọ́n tó lè dá àrùn yìí mọ̀ dájú pàápàá, wọ́n ní láti tún ẹni náà rí lọ́jọ́ mìíràn. Ìbẹ̀wò ọjọ́ kan kò tó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Oògùn rẹ̀ náà tún yàtọ̀. Amlodipine, tí wọ́n sábà máa ń pín, ń jẹ́ kí ẹran ara iṣan ẹ̀jẹ̀ dẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè rí àyè gbà. Kò wo ohun tó mú iṣan náà le. Láàárín wákàtí 30 sí 50, ìdajì rẹ̀ á ti kúrò nínú ara. Tí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá bá kọjá lẹ́yìn hóró ìkẹyìn, ohun tó ṣẹ́kù kò tó nǹkan mọ́. Iṣan á tún fún, nọ́ńbà á tún gòkè. Ìyá kò sì ní mọ̀, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun ènìyàn títí di ọjọ́ tí àrùn rọpárọsẹ̀ bá dá a wó, tàbí tí kíndìnrín bá dẹ́kun iṣẹ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù níbẹ̀ ni pé ìyá yìí gbàgbọ́ pé wọ́n ti wo òun sàn.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní ilẹ̀ wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládipọ̀ Akínkùgbé, tó ṣaláìsí ní 2020, lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ ní UCH lórí ẹ̀jẹ̀ ríru àti kíndìnrín. Ìwádìí ńlá kan tí Ìbàdàn kópa nínú rẹ̀, tó jáde ní 1997, fi àwọn àgbàlagbà tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà láti ìhà méjì òkun wé ara wọn: nínú 100, àwọn 16 ló ní in ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 26 ní àwọn erékùṣù Káríbíánì, 33 ní Amẹ́ríkà. Oúnjẹ, ìsanra àti bí ọjọ́ ṣe ń lọ ń mú un gòkè. Abúlé kò sì jìnnà sí ìlú bíi tàtijọ́.

Kí ni ọkọ̀ ìtọ́jú wá lè ṣe fún un? Ó lè ṣàwárí rẹ̀, kó sì fà á lé ẹni tó sún mọ́ ọn lọ́wọ́: ilé ìwòsàn alákọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà ní Akànrán, Ìyànà Ọ̀fà tàbí Mọ́níyà, tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kan tí yóò máa wá wo nọ́ńbà rẹ̀ lóṣooṣù. Fífà léni lọ́wọ́ yẹn ni ìtọ́jú gan-an. Àtòkọ orúkọ tó bá bá ọkọ̀ padà sí ìlú kò wo ẹnikẹ́ni sàn.

Ìnira kan tún wà níbi yìí tó jẹ́ ti ará Ìbàdàn ní pàtàkì. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gbé oko ní Lágelú tàbí Ọ̀nà-Àrà ló ní agboolé ní Ìbàdàn, ní Bẹẹrẹ tàbí ní Ọjẹ́. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀: Iléyá, ìnáwó, òkú, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ lábúlé lóṣù yìí lè wà ní agboolé lóṣù tó ń bọ̀. Bí ìwé ìtọ́jú rẹ̀ bá wà nínú àpótí ẹgbẹ́ tó gbé ọkọ̀ wá, nọ́ọ̀sì ìlú kò ní mọ ohun tí ti oko ṣe.

David Morley ti yanjú irú rẹ̀ nítòsí ibí. Ní 1956 ló dé ilé ìwòsàn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, Wesley Guild, ní Iléṣà, iṣẹ́ rẹ̀ sì gbajúmọ̀ jù ní abúlé Ìmẹ̀sí-Ilé. Ó ṣe káàdì kan tí ìlà ìwọ̀n ọmọ wà lára rẹ̀, ó fi í sínú ọ̀rá kí òjò má bà á jẹ́, ó sì fún ìyá ọmọ pé kó máa tọ́jú rẹ̀ sílé. Nígbàkígbà tí wọ́n bá gbé ọmọ lé òṣùwọ̀n, wọ́n á fi àmì sí i. Ìyá tí kò kàwé á rí i fúnra rẹ̀ bóyá ìlà ọmọ òun ń gòkè tàbí ó ti dúró sójú kan. Nọ́ọ̀sì ló ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà, dókítà ń wá lóòrèkóòrè. Irú káàdì yẹn tàn ká ayé, ó sì wà lọ́wọ́ àwọn ìyá ní Ẹ̀gbẹ́dá lónìí. Àgbàlagbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru nílò tirẹ̀ pẹ̀lú.

Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń kọ́? Àwọn olóore fẹ́ràn láti ra ọkọ̀. Wọn kì í fẹ́ ra táyà. Ní 1988, akọ̀ròyìn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Barry Coleman, lọ sí Sòmálíà, ó sì rí ọ̀pọ̀ alùpùpù ìlera tí kò tíì gbó tó ti dákẹ́ sílẹ̀ nítorí pé kò sẹ́ni tó ń tọ́jú wọn. Òun, ìyàwó rẹ̀ Andrea àti Randy Mamola tó ń fi alùpùpù sáré ìje dá ẹgbẹ́ Riders for Health sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ wọn rọrùn láti yé ni: ẹ má dúró kí nǹkan bàjẹ́ kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ ka iye kìlómítà tó rìn. Bó bá ti tó iye tí wọ́n dá fún búrẹ́ẹ̀kì, ẹ yọ ọ́, bó tilẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Awakọ̀ á máa yẹ ẹ̀rọ wò láràárọ̀ kó tó jáde. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn ní Lẹ̀sótò àti ní Gáḿbíà, níbi tí wọ́n ti bójú tó ọkọ̀ ìlera ìjọba. Lójú ọ̀nà oko wa nígbà òjò, tí ẹrẹ̀ ń mu táyà dé ìdajì, ọkọ̀ tí kò bá lówó ìtọ́jú kò ní pé ọdún méjì kó tó dákẹ́, ìlérí tí wọ́n ṣe fún abúlé á sì dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Oògùn tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun náà ní òfin. Láti 1996 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ pé oògùn tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi tọrẹ gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ọdún kan sí i kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé nígbà tó bá dé orílẹ̀-èdè tó ń gbà á, kó sì jẹ́ irú tí àwọn dókítà ibẹ̀ ń lò. Èyí ṣe pàtàkì fún ẹ̀jẹ̀ ríru ju ohunkóhun lọ. Bí ẹ bá fún ìyá ní oògùn tí oníkẹ́míìsì abúlé rẹ̀ kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, kò ní rí i rà nígbà tó bá tán.

Ó dá mi lójú pé owó àánú máa ń ṣe dáadáa jù níbi tó bá ti jókòó pẹ́. Ní 1963, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera Ìbàràpá ní Igbó-Ọrà, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Rockefeller Foundation. Wọn kò rán ọkọ̀ lọ kó padà lálẹ́. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ gbé ibẹ̀, títí di òní ni wọ́n sì ń lọ. Sòbìà náà jẹ́rìí sí i. Kò lóògùn, kò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kà á káàkiri Nàìjíríà ní ìparí ọdún 1980 sí 1989, ó lé ní 650,000 ènìyàn tí ó ń dà láàmú. Aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi, oògùn tí wọ́n ń dà sínú adágún, kànga, àti ọmọ abúlé kan tó ń kọ orúkọ ẹni tí sòbìà yọ lára rẹ̀ ni wọ́n fi ṣẹ́gun rẹ̀, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Carter Center. Ní 2008 ni a rí i kẹ́yìn ní Nàìjíríà; ní 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fún wa ní ìwé ẹ̀rí pé ó ti tán.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dá owó jọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Houston, ní mọ́ṣáláṣí àti ní ṣọ́ọ̀ṣì wa gbogbo, ẹ bi àwọn tó ń gbowó lọ́wọ́ yín ní ìbéèrè mẹ́ta kí ẹ tó fi ránṣẹ́: ọjọ́ wo ni wọ́n ń padà lọ, ilé ìwòsàn wo ni yóò gba àwọn aláìsàn lọ́wọ́ wọn, èló ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún táyà àti epo. Tó bá jẹ́ oògùn aràn ni wọ́n fẹ́ pín, kí wọ́n pín in dé abúlé púpọ̀, kí wọ́n sì padà lọ́dún tó ń bọ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru ni, tí owó náà sì tó ìrìn mẹ́rin lọ́dún, kí wọ́n mú abúlé kan ṣoṣo, kí wọ́n lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, kí wọ́n sì kọ orúkọ ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ibẹ̀ jù sórí káàdì gbogbo ẹni tí wọ́n bá wò.